Alátakò Kan Ṣoṣo fún Onígbànú

Òjìji Ọ̀kànlàwọ́n tún ti lu ẹnìkan ṣubú.

Orí tábìlì dídán tó wà láàárín yàrá ni wọ́n ti ja ìjà ọ̀hún. Àwọn òjìji méjèèjì kò ga ju ìgò omi lọ. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń mí, wọ́n ń làágùn, wọ́n sì ń ṣẹ́jú bí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀. Èyí tó ṣubú yìí jẹ́ òjìji ọmọ Ṣakí kan tó ga bí òpó iná. Ó gbìyànjú àtidìde, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì parẹ́. Ó wá ku òjìji Ọ̀kànlàwọ́n nìkan lórí tábìlì, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de èèyàn, tí èèyàn ọ̀hún kò sì wá.

"Mo mọ òpin rẹ̀," ni Etígbọ́, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ìjà, wí láti ara ògiri. "Abala kẹta ni. Ọmọ Ṣakí kò ní lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde."

Ọ̀kànlàwọ́n alára jókòó sórí àga tó kéré jù fún un, ó ká ọwọ́ sáyà. Òun ni onígbànú ìpele Awúwo, ìpele àwọn akànṣẹ́ tí ara wọn tóbi jù lọ, kò sì sí ẹni tó tíì gba ìgbànú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ara rẹ̀ bó ṣe ń lu àwọn èèyàn tí kò tíì fojú kàn rí. Ó ti lu ọmọ Kútọnu. Ó ti lu ará Bìní kan tó ń fi ọwọ́ òsì jà. Ó ti lu ọkùnrin kan láti òkè odò Ọya, tí apá rẹ̀ gùn débi pé ó lè họ orúnkún láìtẹ̀. Kò sí èyí tó pẹ́ níbẹ̀. Ó ti rẹ Ọ̀kànlàwọ́n, kì í sì í ṣe iṣan ló rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ ẹni tó ń dá ayò ta ló mú un.

"Ẹ má bínú, Onígbànú," ni Mojírayọ̀ wí. Obìnrin yìí ni aṣojú Ilé Ìdíwọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wá alátakò tó tó alátakò. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí wíwo òjìji. "Ọmọ Ṣakí yẹn ni mo gbójú lé jù."

"Ṣé a ò lè jẹ́ kó wá bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe."

"Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe. Òfin ni kò gbà á."

Ó fi ẹnu júwe òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí ara òkúta: ÌJÀ TÍ A BÁ MỌ ÒPIN RẸ̀, ÌPÀNÌYÀN NI. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà kan rí, wọ́n a máa wá ẹni tó rọrùn láti lù fún onígbànú, wọ́n á gbé e pọ̀n bí ọmọ tuntun, wọ́n á pè é ní kìnnìún, wọ́n á ní ó ti pa erin jẹ. Títí wọ́n fi fa ọkùnrin kan wọ inú agbo ìjà bí ẹní fa ewúrẹ́ lọ́jọ́ ọdún, tí ọkùnrin náà kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde mọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ ja ìjà kí èèyàn tó jà á.

"Bí a ò bá wá rí ẹnìkankan ńkọ́?" ni Ọ̀kànlàwọ́n bi í.

"Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n á gbé ìgbànú lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n á sì ti ìpele Awúwo pa. Onígbànú tí kò ní alátakò kì í ṣe onígbànú mọ́. Ère ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀kànlàwọ́n lára ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Mojírayọ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ìta, ó padà, ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹnìkan ṣì ń bẹ," ni obìnrin náà wí. "Etígbọ́ kì í dárúkọ rẹ̀ nítorí òfin. Mo fẹ́ kí ẹ wò ó. Wíwò lásán ni." Ó yíjú sí ògiri. "Etígbọ́, mú òfin tó ní ìbátan kò gbọdọ̀ bá ara wọn jà kúrò lórí tábìlì. Gbé Bánjókòó wá."

Ọ̀kànlàwọ́n nà ró lórí àga. "Àbúrò mi ni."

"Mo mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀."

Òjìji Bánjókòó yọ. Kò ga tó ti ọmọ Ṣakí, apá rẹ̀ kò sì gùn, ṣùgbọ́n bó ṣe dúró yàtọ̀. Nígbà tí òjìji Ọ̀kànlàwọ́n rẹ èjìká òsì sílẹ̀, bó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó sọ ẹ̀ṣẹ́ tó ń pa wọ́n, òjìji Bánjókòó kò sá sẹ́yìn bíi ti gbogbo èèyàn. Ó rìn wọ inú ẹ̀ṣẹ́ náà, ó gbá a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lágbára, ó sì gbá onígbànú ní ẹ̀gbẹ́ ìhà. Onígbànú náà gbá a padà. Wọ́n ṣe é títí. Ọ̀kan ṣubú, ó dìde, èkejì ṣubú, òun náà dìde. Tábìlì pa iná, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún pa iná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kànlàwọ́n kò mọ ìgbà tí òun dìde dúró.

Iná Etígbọ́ ń ṣẹ́jú lára ògiri.

"N kò mọ̀," ló wí níkẹyìn.

Ọ̀kànlàwọ́n kò gbọ́ ọ rí kí ẹ̀rọ náà sọ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ dùn gan-an ni, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn ilé tó rò pé kò sẹ́ni níbẹ̀, tí ẹnìkan sì dáhùn láti inú ilé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rù wá.

"Ẹ̀yin lẹ so ó mọ́ra yín, Onígbànú," ni Mojírayọ̀ wí ní ohùn pẹ̀lẹ́. "Lọ́jọ́ tí ẹ gba ìgbànú."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, òun ló ń búra níwájú gbogbo èèyàn, ó sì ti wí pé, "Ẹnu mi ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ bí a ti í ṣe ayédèrú ìwé, ayédèrú àwòrán àti ayédèrú ohùn, tí àwọn èèyàn ti ta ilé onílé, tí wọ́n sì ti fẹ́ ìyàwó oníyàwó lórí ayédèrú, kò sí ilé ẹjọ́ tó ń gba nǹkan mìíràn lẹ́rìí mọ́ bí kò ṣe ẹnu alààyè níwájú Etígbọ́. Ẹni tó bá wí pé "ẹnu mi ni", gbogbo ohun tó bá tẹ̀lé e di òótọ́ lábẹ́ òfin. Bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lásán, tí kò fẹ́ kí Etígbọ́ ṣì í gbọ́, á fi "ẹnu mi kọ́" kún un. Ọ̀kànlàwọ́n ti parí ìbúra, ó kù kó pa ẹnu dé, ayọ̀ bá gùn ún. Ó na ọwọ́ sí ọkùnrin tó ń gba ẹ̀ṣẹ́ fún un nígbà ìgbáradì, ó fà á gòkè, ó ní, "Ẹ wò ó, àbúrò mi nìyí."

Yorùbá Etígbọ́ mọ́ ju ti gbogbo wa lọ, àmọ́ kò sí ìyá tó bí i. Kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá lè pe ẹni tí kò mọ ilé ìyá rẹ̀ ní àbúrò, kó sì jẹ́ pé òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Ó gbọ́ àbúrò, ó so àbúrò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Bánjókòó ti di àbúrò Ọ̀kànlàwọ́n lábẹ́ òfin, ìpín omi wọn ti di ìpín ìdílé kan, ilẹ̀kùn ọ̀kan sì ti ń ṣí fún èkejì. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní àwọn á lọ tú u. Wọn kò lọ, nítorí kò pẹ́ tí Ọ̀kànlàwọ́n rí i pé òun kò fẹ́ lọ.

"Ẹ lè tú u lọ́la, níwájú àwọn èèyàn," ni Mojírayọ̀ wí. "Ẹ ó sọ pé kì í ṣe àbúrò yín. Ó parí."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ tí a bá ti tú kò ṣe é so mọ́. Bí ẹ bá tún pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí èké ni, ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀." Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò ní kí ẹ ṣe é. Iṣẹ́ mi ni láti wá alátakò. Mo ti rí i."

*

Ọkọ̀ okùn ló gbé e lọ sílé, láti orí òkè kan sí òmíràn. Ní Ìdànrè tó wà lónìí, èèyàn ń gbé lórí àpáta, nínú ihò àpáta àti lára àpáta, nítorí gbogbo ẹni tí òkun lé kúrò létí omi ló gun òkè wá. Ọkọ̀ náà kún. Etígbọ́ kékeré kan tó rí bí ìkarahun ìgbín wà lára òrùlé rẹ̀, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú.

Obìnrin kan tó gbé ẹrù fẹ́ kọjá lára ìyá arúgbó kan. "Ẹ yà fún mi díẹ̀, Màmá, ẹnu mi kọ́," ló wí.

"Kọjá, ọmọ mi," ni arúgbó náà dáhùn. Iná bá ṣẹ́jú lókè. Arúgbó yára da ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹnu mi kọ́, ẹnu mi kọ́. Èmi ò mọ̀ ọ́n rí."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín díẹ̀, olúkúlùkù sì yíjú síta padà. Ọ̀kànlàwọ́n pàápàá ti bá wọn rẹ́rìn-ín irú rẹ̀ rí. Lónìí kò lè rín in. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ, àmọ́ ayé yìí ti sọ aṣọ di ohun tí a ń bẹ̀rù àtiwọ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́ni lára.

Òun kò ní aṣọ púpọ̀. Òkun ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ sì kú lọ́nà òkè. Ṣọlápé ìyàwó rẹ̀ ti tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn, ó sì ṣe é jẹ́jẹ́, ó ní òun kò lè máa bá ẹni tó ń ti ibi ìgbáradì bọ̀ wá sùn, tó tún ń jí lọ síbẹ̀, gbé. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pe Ọ̀kànlàwọ́n ní bọ̀dá láìfi nǹkan kan kún un.

Ẹni náà ti wà nínú ilé kó tó dé. Ilẹ̀kùn ti ṣí fún un. Bánjókòó jókòó sẹ́yìnkùlé lórí àpótí, ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ọrùn rẹ̀ ki, etí rẹ̀ kan sì ti wú pa nítorí ẹ̀ṣẹ́ Ọ̀kànlàwọ́n.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá."

"O ti ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ẹ̀yin kì í jẹun bí wọn ò bá gbé e síwájú yín. Ta ni wọ́n rí?"

"Wọn ò rí ẹnìkankan. Wọ́n gbé ọmọ Ṣakí kan wá."

"Ọmọ Ṣakí yẹn? Kò mọ ìjà. Gíga ló mọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yára tán. Bánjókòó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jinná padà.

"Wọ́n fi ọ́ hàn mí," ni Ọ̀kànlàwọ́n wí.

"Mo mọ̀. Aṣojú ti bá mi sọ ọ́, ó pẹ́. Èmi ni mo ní kó má tíì sọ fún yín. Mo ní bóyá ẹlòmíì á yọjú."

"O mọ ohun tí ẹ̀rọ sọ?"

"Ó ní òun ò mọ̀." Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí iná, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ tú u, Bọ̀dá."

Ọ̀kànlàwọ́n jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òkúta ògiri náà ṣì gbóná nítorí oòrùn. "Ó rọrùn lẹ́nu rẹ."

"Kò rọrùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣì máa mọ̀ mí. Èmi náà ṣì máa mọ̀ yín."

"Kí ni wàá máa pè mí?"

Bánjókòó ronú. Kò ronú kàn án tẹ́lẹ̀, èèyàn lè rí i lójú rẹ̀. "Ará," ló wí. "Ará Ọ̀kànlàwọ́n. Bí gbogbo èèyàn ti ń pe ara wọn."

"Ará."

"Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, mo lè máa fi 'ẹnu mi kọ́' kún un…"

"Òfin ò gba ìyẹn fún ọ̀rọ̀ tí a ti tú. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kò jẹ ẹ́. "Ẹyin lọ̀rọ̀, Bánjókòó. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkò ni."

Bánjókòó fi igi tú eérú iná. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ní ohùn tó rẹlẹ̀, láìfi ṣe àfojúdi, "Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Inú bí Ọ̀kànlàwọ́n. Inú bí i nítorí òun náà ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí láti inú ọkọ̀ okùn. Ṣé ìfẹ́ ló mú un di ọ̀rọ̀ náà mú, àbí ẹ̀gbẹ́ ìhà tí òjìji yẹn gbá? Ó wá ìdáhùn títí, kò rí èyí tó mọ́ délẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Ẹ̀ṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Òun nìkan kọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín, ẹ má bínú." Bánjókòó fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì nù ún pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti pè mí ní àbúrò, mi ò tíì ja ìjà kan tó lórúkọ. Gbogbo ọ̀nà ìpele yìí, ọ̀dọ̀ yín ló já sí. Bí mo bá na ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní, ó dáa, kò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, kí la fẹ́ fi ṣe? Wọn ò fún mi ní èyí tí mo máa nà mọ́. Ẹ ti ronú kàn án rí?"

Kò ronú kàn án rí. Ojú ti Ọ̀kànlàwọ́n, ìtìjú náà sì mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ọdún gorí ọdún, ọkùnrin yìí ń wọ ìbọ̀wọ́ láràárọ̀, ó ń gba ẹ̀ṣẹ́ tí wọn kò tìtorí tirẹ̀ jù, ó ń sọ fún un ibi tó ti ṣàṣìṣe, ó ń gbé àpò tẹ̀lé e lẹ́yìn wọ gbàgede. Òun sì rò pé ayọ̀ ni. Òun rò pé oore lòun ṣe fún un.

"O ò sọ ọ́ rí," ló wí.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ eérú iná díẹ̀ sára ògiri. Nísàlẹ̀ òkè, àwọn kan ń kọrin bí wọ́n ti ń fa omi.

"Bí wọ́n bá ti ìpele yìí pa," ni Bánjókòó wí, "ẹni tó ń gba ẹ̀ṣẹ́ fún onígbànú ni wọ́n á máa pè mí títí n ó fi kú. Mi ò kórìíra yín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè nà yín."

"Èmi náà fẹ́ mọ̀," ni Ọ̀kànlàwọ́n wí, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òótọ́ ni.

Wọ́n jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ Ṣakí, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ òsì jà. Bánjókòó fọ abọ́, ó dà á délẹ̀ níbi tó ti máa ń dà á dé. Kó tó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì pẹ́ nílẹ̀.

"Dìde," ni Ọ̀kànlàwọ́n wí. "Aṣọ rẹ máa dọ̀tí."

*

Gbàgede ìjà wà ní àfonífojì láàárín òkè méjì, kò sì sí ibi tí èèyàn kò sí nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì kàn wọ́n lórí. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ṣì ti ń fara kan ara wọn láìtọrọ àforíjì. Àwọn Etígbọ́ ńláńlá yí òkè agbo ká, funfun báláú. Mojírayọ̀ dúró láàárín, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dúdú. Ọ̀kànlàwọ́n wà ní igun kan pẹ̀lú ìgbànú léjìká, Bánjókòó sì wà ní igun kejì, ó ń wo ilẹ̀.

"Onígbànú," ni Mojírayọ̀ pè, "ta ni ẹ mú wá?"

"Ẹnu mi ni," ni Ọ̀kànlàwọ́n wí. "Mo mú Bánjókòó wá."

Ariwo kékeré kan gba inú àwọn èèyàn kọjá. Ohùn Etígbọ́ bọ́ láti òkè, ó tutù, ó sì mọ́. "Ìbátan rẹ ni. Àbúrò rẹ ni."

Ọ̀kànlàwọ́n ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Ó fẹ́ ṣàlàyé. Ó fẹ́ sọ pé nínú èdè tiwa, àbúrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá nìkan, ó fẹ́ pa òwe méjì, kí ohun tó fẹ́ ṣe má baà rí bí ohun tó jẹ́. Gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá ń ṣàlàyé, òun kò ní lè sọ ọ́ mọ́, ọkùnrin tó wà ní igun kejì yẹn yóò sì padà lọ gbé àpò.

"Kì í ṣe àbúrò mi," ló wí.

"Ta ni ó jẹ́ sí ọ?"

Kò mọ̀ pé yóò bi òun ní ìyẹn. "Ará ìlú ni. Ará ìlú lásán."

"Mo ti tú u."

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Oòrùn ń ràn, ẹnìkan ń ta omi nísàlẹ̀. Bánjókòó gbójú sókè, omi sì wà nínú ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́ kan ilẹ̀, ó rántí, ó sì nà ró.

"Mo dúpẹ́," ló wí. "Ará Ọ̀kànlàwọ́n."

Wọ́n gbé òjìji wọn sókè lójú ọ̀run, ó ga ju ilé lọ, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Wọ́n jà, wọ́n ṣubú, wọ́n dìde. Nígbà tí Etígbọ́ wí pé, "N kò mọ òpin rẹ̀," gbàgede hó bí ìgbà tí òjò bá já lu páànù. Ọdún ti gorí ọdún tí wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tí kò mọra ń dì mọ́ra wọn. Mojírayọ̀ fi ọwọ́ nu ojú, ó ṣe bí ẹni pé òógùn ni.

"Kí ìjà yìí tó lè fìdí múlẹ̀," ni Etígbọ́ wí, "akànṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dárúkọ ìbátan tí a ó pè bí ó bá ṣubú tí kò dìde. Alátakò."

"Ẹnu mi ni. Ìyá mi ni, Adúláwọ̀, ní Ìgbàrà-Òkè."

"Onígbànú."

Ọ̀kànlàwọ́n la ẹnu. Gbogbo ìgbà tó ti ń dáàbò bo ìgbànú yìí, wọn kò bi í ní ìbéèrè náà rí. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ bi í, ó ti mọ ẹni tí yóò pè. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, ó ronú kan Ṣọlápé. Orúkọ kan wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ahọ́n rẹ̀ ti gbé e, ẹni tó ni orúkọ náà sì dúró ní ìwájú rẹ̀, ó ń tú okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún ń so ó. Ó pa ẹnu dé lé e.

"Kò sí," ló wí.

"A kò gbọ́ ọ. Ta ni a ó pè?"

"Mo ní kò sí."

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn Etígbọ́ gbé ohùn rẹ̀ dé ibi gbogbo. Àwọn tó wà lókè pátápátá, lórí àpáta, kò gbọ́ ìbéèrè tó ṣáájú nítorí ariwo. Ohun tí wọ́n rí ni onígbànú tó dúró níwájú alátakò rẹ̀, tó gbé àyà síwájú, tó ní kò sí. Wọ́n rò pé ó ń yangàn pé kò sí ẹni tó lè na òun. Ọkùnrin kan kígbe lóhùn rara pé, "Kò sí!" Ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbà á, ìlà tó tẹ̀ lé e gbà á, kò sì pẹ́ tí gbogbo gbàgede ń pàtẹ́wọ́ sí i, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ẹ̀rín: Kò sí! Kò sí! Kò sí!

Bánjókòó nìkan ni kò bá wọn gbè é. Ọ̀kànlàwọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì sókè sí àwọn èèyàn, nítorí ohun tí onígbànú máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ń kí i.